Arúgbó Tí A Mọ Ìtàn Rẹ̀: Títún Ẹ́ńjìnnì Pikọ́ọ̀pù 504 Ṣe Lẹ́yìnkùlé ní Ìbìní

Ní ìlú Ìbìní, ìlú Ọmọ N'Ọba N'Ẹdo, Uku Akpolokpolo, níbi tí àwọn ọmọ Ògún òpópónà Igun ti ń fi ìda, amọ̀ àti iná sọ idẹ di ère láti ayé àwọn ọba àtijọ́, kì í ya ará àdúgbò lẹ́nu láti rí ọkùnrin kan tó jókòó lórí àpótí lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, tó tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, tó sì to ẹ̀yà inú ẹ́ńjìnnì lé e lórí bí ìyá aláta ti í to ata sórí àtẹ. Pikọ́ọ̀pù Peugeot 504 ni ọkọ̀ náà sábà máa ń jẹ́: akẹ́rù-má-ṣàárẹ̀, arìnnà-ẹrẹ̀-bí-ẹni-rìnnà-ọ̀dà, ọkọ̀ tó ti kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá láti àwọn abúlé Ovia, tó ti kó iṣu wá láti Ekpoma, tó sì ti kó rọ́bà kọjá ní Iyanomo, níbi tí ilé ìwádìí rọ́bà ti orílẹ̀-èdè wa wà. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti rin 400,000 kìlómítà, ó ti rin ìrìn ẹni tó yí ayé po lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, àárẹ̀ tó sì mú un kì í ṣe àárẹ̀ ọ̀lẹ.

Nígbà tí ọkọ̀ bá dé ipò yìí, tí èéfín rẹ̀ ń bo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lójú, tí kò sì lè gun òkè Ikpoba mọ́ àfi bí a bá sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ìmọ̀ràn tí tọmọdé tàgbà ń gba ẹni tó ni ín ni pé kó lọ ra “Belgium”. Belgium ni ará Ìbìní ń pe ohun tí àwa ará Èkó àti Ìbàdàn mọ̀ sí tòkunbọ̀, ọjà Uwelu àti ọjà Evbareke sì kún fún ẹ́ńjìnnì tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ lókè òkun. Èmi kò kẹ́gàn ọjà wọ̀nyí, nítorí awakọ̀ tí kò tíì jẹ nínú oore wọn ní ìhà yìí kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí a bá rà lórí òkìtì, a kò mọ ìyá rẹ̀, a kò mọ baba rẹ̀. A kò mọ iye ìgbà tó gbóná tí omi rẹ̀ fi hó dànù, a kò sì mọ ẹni tó wà á láìsí ọ́ìlì nínú rẹ̀. Mo ra irú rẹ̀ rí. Ẹni tó tà á fún mi búra pé òun tan án wò, síbẹ̀ kò pé oṣù méjì tó fi nọ́ọ̀kì lójú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀, tí mo sì sùn sínú ọkọ̀ mọ́jú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé arúgbó tí a mọ ìtàn rẹ̀ sàn ju àjèjì tí ẹlòmíràn ń ròyìn rẹ̀ fún wa lọ.

Ẹ́ńjìnnì 504 sì wà lára èyí tí àwọn tó ṣe é fi àyè àtúnṣe sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ọdún 1968 ni Peugeot gbé 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ọdún tó tẹ̀lé e ni wọ́n fi jẹ oyè ọkọ̀ ọdún ní Yúróòpù. Ní 1975 ó gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ọdún náà gan-an sì ni ilé-iṣẹ́ PAN (Peugeot Automobile Nigeria) ṣílẹ̀kùn ní Kàdúná. Ní 1979, pikọ́ọ̀pù rẹ̀ dé. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, ara bulọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ ihò sílíńdà sí, bí ihò náà bá sì ti jẹ, àfi kí a gbé odindi bulọ́ọ̀kù lọ fún tọ́nà, oníṣẹ́ tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, kó tún un gbẹ́. Ti 504 kò rí bẹ́ẹ̀. Sìlíìfù mẹ́rin tó dá dúró ni wọ́n sọ̀ sínú bulọ́ọ̀kù rẹ̀, bí ẹni sọ ife sínú korobá omi, tí omi rédíétọ̀ ń wẹ ẹ̀yìn wọn, tí ẹsẹ̀ wọn sì jókòó lé orí gáskẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Nígbà tí wọ́n bá jẹ, a óò fà wọ́n yọ, a óò sì fi tuntun sí i pẹ̀lú pístìn tí wọ́n jọ bá a wá nínú páálí. Nítorí èyí ni ẹni tí kò ní ẹ̀rọ ńlá kankan fi lè ṣe lábẹ́ igi máńgòrò ohun tí ẹlòmíràn kò lè ṣe láìsí ilé tọ́nà.

Àìsàn ni a ń wò, a kì í wo ikú. Nítorí náà, kí sípánà tó kan bóòtì, ó yẹ kí a mọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì gan-an. Èéfín a máa sọ̀rọ̀ fún ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ búlúù, ọ́ìlì ló ń wọ ibi tí iná ti ń jó; bí ó bá funfun tí kò sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, omi ni; bí ó bá dúdú, kabúrétọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, nítorí bẹntiróòlù ló pọ̀ jù. Bí a bá ṣí ìdérí ọ́ìlì tí a bá nǹkan funfun bí ògì lábẹ́ rẹ̀, omi lè ti bá ọ́ìlì pàdé. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí tó ju gbogbo wọn lọ ni gééjì kọ́mpúrẹ́ṣọ̀n. A óò tú plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a óò ki gééjì bọ ihò kọ̀ọ̀kan, a óò sì yí ẹ́ńjìnnì láti wo bí sílíńdà kọ̀ọ̀kan ti lè fún afẹ́fẹ́ tó. Èyí tó bá rẹlẹ̀ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, a óò bu ọ́ìlì ṣíbí kan sínú rẹ̀, a óò tún un wọ̀n: bí ó bá gòkè, ríìngì tàbí sìlíìfù ló ti jẹ, bí kò bá yí padà, fáàfù ni ó ṣeé ṣe kó má pa dé dáadáa.

Ohun tó sábà ń jẹ sìlíìfù ní ìhà ibí ni ilẹ̀ pupa Ìbìní fúnra rẹ̀. Eruku rẹ̀ kúnná bí àtíkè. Bí asẹ́ afẹ́fẹ́ bá ti ya, yóò bá afẹ́fẹ́ wọlé, yóò pò mọ́ ọ́ìlì, yóò sì máa lọ irin bí ọlọ ti ń lọ ata.

Ẹni tí yóò tú ẹ́ńjìnnì sí gbangba ní Ìbìní, kó yan àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí òjò ìlú náà kò mọ ọjọ́ ìsinmi. Bí ó sì ṣe ọyẹ́ ni, kí aṣọ mímọ́ má kúrò lórí ohun tí a tú. Ṣéènì tí a so mọ́ igi tó lágbára ni a ó fi gbé ẹ́ńjìnnì jáde. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ibi tí òwe yìí sì ti wúlò jù ni tọ́ọ̀pù sílíńdà, ìdérí orí bulọ́ọ̀kù: ẹ má ṣe fà á sókè tagbáratagbára, ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì títí yóò fi jọ̀wọ́ ara rẹ̀, kó má baà fa sìlíìfù lọ́wọ́. Bí sìlíìfù kò bá nílò pípààrọ̀, ẹ fi bóòtì àti wáṣà dè é mọ́lẹ̀ kí ẹ tó yí kránkì, nítorí bí ó bá gbéra díẹ̀ péré, gáskẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Kí ẹ sì kọ nọ́ńbà sára ohun gbogbo. Láti ẹ̀yìn, ní ìhà jíà, ni Peugeot ti ń ka sílíńdà kìíní, kì í ṣe láti iwájú bí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Japan. Àìmọ èyí ti da àsìkò iná rú fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ibi ìwọ̀n ni ọ̀nà ti yà láàárín ẹni tó mọ iṣẹ́ àti ẹni tó ń fojú bù ú. Irun orí ènìyàn nípọn tó nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà, àyè tí ọ́ìlì ń gbà kọjá láàárín kránkì àti bẹ́rìn sì kéré ju irun náà lọ. Ìka ọwọ́ àgbà mẹkáníìkì kankan kò lè gbọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n jẹ́ ìyanu fún mi ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i: fọ́nrán kan tó rọ̀ bí ìda, tí a óò gé tẹ́ sórí kránkì, tí a óò fi bẹ́rìn dé e, tí a óò sì fún bóòtì rẹ̀ dé ìwọ̀n, nígbà tí a bá tún tú u, a óò bá fọ́nrán náà tó ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ìbú rẹ̀ ni yóò sì sọ iye àyè tó wà níbẹ̀. Ní Igun, ìda ni ó kọ́kọ́ ń gba ìrísí ère kí iná tó yọ́ ọ kúrò fún idẹ; lẹ́yìnkùlé yìí náà, ohun rírọ̀ ni ó ń sọ òtítọ́ nípa irin. Bí ojú kránkì bá ti họ, ẹ gbé e fún tọ́nà kó rẹ́ ẹ dé ìwọ̀n tó tẹ̀lé e, kí ẹ sì ra bẹ́rìn ìwọ̀n náà. Bí tọ́ọ̀pù sílíńdà bá ti wọ́, tọ́nà náà ni yóò fá ojú rẹ̀ kó tẹ́jú. Kò sí àbùkù níbẹ̀: bí a tilẹ̀ ń ṣe é nílé, àwọn iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ ti ilé tọ́nà.

Kí ẹ tó máa tò ó padà, ẹ fọ bulọ́ọ̀kù pẹ̀lú kẹrosíìnì, ẹ tún fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kí ẹ fẹ́ gbogbo ihò ọ́ìlì títí yóò fi mọ́, kí ẹ sì fi ọ́ìlì pa á lójú kan náà kó má baà dípẹtà. Sìlíìfù gbọ́dọ̀ yọrí díẹ̀ ju ojú bulọ́ọ̀kù lọ, èyí tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Bí ó bá rì, gáskẹ́ẹ̀tì kò ní pẹ́ jó. Ẹnu ríìngì kò gbọ́dọ̀ kọjú sí ara wọn. Ẹ dín gọ́ọ̀mù tí ẹ ń tọ́ sí etí sọ́ọ̀mpù, àwo ọ́ìlì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, kù, nítorí èyí tó bá já sínú lè lọ dí ẹnu páàpù ọ́ìlì. Láti àárín ni a ti ń fún bóòtì tọ́ọ̀pù sílíńdà lọ sí etí, ní ìpele-ìpele. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àyè 0.10 mìlímítà sí fáàfù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, kí ẹ fi 0.25 sí ti èéfín, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù.

Ní ọjọ́ ìtanná àkọ́kọ́, ẹ yí i láìsí plọ́ọ̀gì títí iná ọ́ìlì yóò fi kú. Fún 1,000 kìlómítà àkọ́kọ́, ẹ má gbé ẹrù wúwo, ẹ má sì sáré àsápajúdé; ẹ tètè pààrọ̀ ọ́ìlì àkọ́kọ́, nítorí òun ni yóò kó ìyẹ̀fun irin tí ríìngì tuntun fá sílẹ̀ jáde.

Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín ti ń yọ èéfín búlúù, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì gbé owó lọ sí Uwelu. Ẹ wá gééjì kọ́mpúrẹ́ṣọ̀n, ẹ tú plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì kọ iye tí sílíńdà kọ̀ọ̀kan fi hàn sórí ìwé.