Ríìmù Tubeless fún Básíkùlù: Bí A Ṣe Ń Yàn Án, Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Admin yín ni. Akọ̀wé wa ló bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ nítorí àwọn tí dátà wọn kì í gbé ohùn, àti àwọn ìyá wa tí ariwo Sábó kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ ríìmù básíkùlù ni. Ẹ má sọ pé kò kàn yín o. Láti oṣù kìíní ọdún 2013 tí ìjọba ti fòfin de àchàbà ní Kánò, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi ọmọ tó ń gun básíkùlù rán ẹrù kékeré láti Sábó lọ sí Kwari. Ọmọ yẹn, ọmọ ẹnì kan ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, mo ra ríìmù tòkunbọ̀ mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó tà á fún mi ní gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ tubeless. Èmi náà gbà, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ta méjì fún ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n wa nínú ẹgbẹ́ yìí, ọmọ rẹ̀ ń fi básíkùlù gbé búrẹ́dì. Ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí wàhálà. Ọjọ́ kan ló fẹ́ yà ní kọ́nà Airport Road pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, ni táyà iwájú bá yọ kúrò lórí ríìmù. Ọmọ ṣubú, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kán. Mo gbé ríìmù náà wálé, mo wo inú rẹ̀, mo rí i pé ríìmù oní-tíúbù lásán ni. Mo sanwó ìtọ́jú, mo sì gba ìyókù tí mo ti tà padà. Àmọ́ owó ò lè pa ìrora ọmọ yẹn rẹ́. Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ nìyí.

Kí ni tubeless gan-an? Táyà tí a mọ̀, tíúbù inú rẹ̀ ló ń gba afẹ́fẹ́ dúró. Ti tubeless kò ní tíúbù. Ẹnu táyà ló lẹ̀ mọ́ ríìmù típẹ́, àwọn méjèèjì ló jọ di afẹ́fẹ́ mú. Bẹ́ẹ̀ náà ni táyà mọ́tò yín. Ṣùgbọ́n ríìmù mọ́tò kò ní ihò sípóòkù. Ti básíkùlù ní ihò 32 tàbí 36, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ á ti máa sá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lẹ téèpù mọ́ inú rẹ̀, tí wọ́n á sì da omi funfun kan sínú táyà. Bí ẹ̀gún bá gún un, omi yẹn á sáré lọ dí ojú ihò náà. Ní 1999 ni ilé iṣẹ́ Mavic ti ilẹ̀ Faransé, pẹ̀lú Michelin àti Hutchinson, gbé tiwọn jáde fún kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń gùn lórí òkè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ẹ̀gún bọ̀ọ̀ní ilẹ̀ Hausa yìí, ẹ mọ̀ pé nǹkan tó dáa ni.

Bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ wo nǹkan wọ̀nyí.

Èkíní, ẹ wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára ríìmù: “tubeless” tàbí “TLR”. Ẹ wò ó lára táyà náà. Bí ọ̀kan bá ní i tí èkejì kò ní in, ẹ má so wọ́n pọ̀.

Èkejì, bí ọ̀rọ̀ náà bá ti pa rẹ́, ẹ fi ìka wọ inú ríìmù. Ti tubeless ní kòtò láàárín, ó ní pẹpẹ pẹrẹsẹ lọ́tùn-ún lósì, òkè kékeré kan sì máa ń wà létí pẹpẹ náà tí kì í jẹ́ kí ẹnu táyà yọ́ padà sínú kòtò. Èyí tí mo tà kò ní pẹpẹ rárá.

Ẹ̀kẹta ni nọ́ńbà. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé “íńṣì 26” tàbí “íńṣì 28” nìkan. Ẹ wo nọ́ńbà mìlímítà: 559 ni 26 ti kẹ̀kẹ́ orí òkè, 584 ni 27.5, 622 ni 29 àti 700C. Raleigh ńlá àwọn bàbá wa, 635 ni. Táyà 622 kò lè jókòó lórí 635, ẹ má fi agídí ṣe é.

Ẹ̀kẹrin, ẹ yí i lójú afẹ́fẹ́, ẹ wò ó bó bá ń mì. Ẹ wo ojú ìsopọ̀ rẹ̀ àti ìdí ihò sípóòkù, bóyá ó ti sán. Bí bíréèkì bá ti jẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí tó fi jin, ẹ fi sílẹ̀.

Ó ku ìtọ́jú. Omi funfun yẹn máa ń gbẹ. Ní ìlú tútù ó lè lo oṣù mẹ́fà; nínú oòrùn Kánò, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lóṣù méjì-méjì. Nǹkan bí mìlílítà 60 sí 120 ló ń gbà, bí táyà bá ṣe tóbi tó. Ẹ má fi téèpù dúdú oníná-mànàmáná dí inú ríìmù, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á yọ́ nínú ooru.

Fọ́kánáísà wa tó ń fẹ́ táyà tírélà, ẹ dúró tì í. Ẹ wo géèjì tí wọ́n kọ sára táyà àti èyí tí wọ́n kọ sára ríìmù, kí ẹ tẹ̀lé èyí tó kéré jù. Ríìmù kan wà tí etí rẹ̀ kò ní ìkọ́, “hookless” ni wọ́n ń kọ sí i; ìyẹn kò gbọdọ̀ kọjá 72 láé. Bí afẹ́fẹ́ bá sì kéré jù pẹ̀lú ẹrù, táyà lè yọ ní kọ́nà. Ẹ fi omi ọṣẹ pa etí táyà kí ẹ tó fẹ́ ẹ, á jókòó wẹ́rẹ́. Sípóòkù tó bá tú, ẹ tètè fún un.

Ẹnì kan bèèrè lánàá pé bí tubeless bá bàjẹ́ lọ́nà ńkọ́? Ẹ yọ fáàfù rẹ̀, ẹ ki tíúbù bọ̀ ọ́, á gbé yín délé. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ wá inú táyà, kí ẹ yọ gbogbo ẹ̀gún tó ti wà níbẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á gún tíúbù lójú ẹsẹ̀.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo wa ló nílò tubeless. Bí ẹ kò bá rí omi funfun rà déédéé, tíúbù tó dáa lórí ríìmù tó dáa ti tó. Ẹni ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Èmi ti sá. Ní ṣọ́ọ̀bù mi báyìí, mi ò ta ríìmù kankan tí mi ò tíì fi ọwọ́ ara mi wọ inú rẹ̀. Ẹ bá mi bi ẹni tó bá fẹ́ tà á fún yín pé ṣé òun náà ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọwọ́ ọmọ náà ti ń san, ó ti ń di nǹkan mú. Ẹ ya fọ́tò ríìmù yín sínú ẹgbẹ́ níbí, màá wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ọlọ́run á bù sí ọjà wa, á sì máa mú àwọn ọmọ wa dé láyọ̀.