Ẹ Má Tíì Sọ Bàtà Aláwọ Yẹn Nù

Ọyẹ́ tó ń mú kí ètè wa là náà ló ń mú kí bàtà aláwọ là. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Jos, Kaduna tàbí Kano mọ̀ ọ́n dáadáa: bàtà búùtù tó rọ̀, tó sì ń dán ní oṣù kẹwàá, lè gan bí igi kí oṣù kìíní tó parí. Ní ti àwọn tó wà ní Èkó àti Ìbàdàn, òjò ni ọ̀tá bàtà wọn.

Pẹ̀lú bí ọjà ṣe wọ́n yìí, owó bàtà bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta kì í ṣe kékeré. Kì í ṣe gbogbo bàtà tó bàjẹ́ ló ṣeé tún ṣe o, àmọ́ púpọ̀ nínú èyí tí à ń jù sórí ààtàn ló ṣì wúlò. Ohun tó yẹ ká mọ̀ ni èyí tó tọ́ sí àtúnṣe.

Ṣé awọ ni lóòótọ́?

Ẹ wo etí ibi tí wọ́n ti gé e, tàbí inú bàtà náà. Awọ gidi máa ń ní fọ́nrán wúruwùru tí kò dọ́gba, ó sì ní òórùn tirẹ̀. Èyí tí kì í ṣe awọ jẹ́ rọ́bà fẹ́lẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ aṣọ. Bó bá gbó, ṣe ló máa ń bó bí ìgbà tí ejò bá ń bọ́ awọ. Èyí tó là ṣeé wò. Èyí tó ń bó, ẹ má náwó lé e lórí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe awọ gidi ló jẹ́ kí ó ṣeé wò. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ awọ ní Kano àti Sokoto ti ń fi èso igi tí Haúsá ń pè ní bagaruwa ṣe awọ ewúrẹ́. Oje èso yìí ni kì í jẹ́ kí awọ jẹrà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi òróró pa á kí ó lè rọ̀. Awọ pupa wọn dára débi pé ràkúnmí ń gbé e la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá lọ sí Mòrókò. Ibẹ̀ ni àwọn ará Yúróòpù ti ń rà á, tí wọ́n sì ń pè é ní awọ Mòrókò. Òróró inú awọ yìí ni ọyẹ́ àti oòrùn ń fà gbẹ. Àtúnṣe àkọ́kọ́ ni pé kí a dá a padà.

Awọ tó gan

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku kúrò, kí ẹ fi aṣọ tútù nù ún, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ. Ẹ fi ìpara awọ tàbí òrí díẹ̀ pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ibi tó fara pamọ́ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ dán an wò, torí òrí lè mú kí àwọ̀ bàtà dúdú sí i. Ó di ọjọ́ kejì kí ẹ tó nù ún, kí ẹ wá fi pólíìṣì sí i. Bí ibi tó là bá ti jìn, kò sí ìpara tó lè so ó pọ̀ mọ́. Ẹ ní kí ṣúmẹ́kà fi awọ fẹ́lẹ́ lẹ̀ ẹ́ láti inú.

Awọ tó rin

Ẹ tú okùn rẹ̀, kí ẹ yọ ìtẹ́nú rẹ̀, kí ẹ ki ìwé ìròyìn bọ inú rẹ̀, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ìwé náà bó bá ti rin. Abẹ́ òjìji tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ni kí ó ti gbẹ. Ẹ má gbé e sẹ́bàá iná tàbí sínú oòrùn gangan. Awọ tútù tí iná bá rà máa ń sún kì, á sì le. Kì í padà sípò.

Sóòlù tó ṣí

Ẹ yé fi súpágúlù lẹ̀ ẹ́. Bó bá gbẹ, líle ló máa ń le, bẹ́ẹ̀ bàtà ń tẹ̀ ní gbogbo ìṣísẹ̀, kíá ló máa já. Gọ́ọ̀mù ṣúmẹ́kà ló dára. Wọ́n á fi sáńpépà ha ojú méjèèjì, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù pa méjèèjì, wọ́n á dúró bí ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí wọ́n tó tẹ̀ wọ́n pọ̀, kí wọ́n sì fi hámà lù ú. Bàtà iṣẹ́ àti bàtà ọmọ iléèwé nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sọ fún wọn pé: “Mallam, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì rán an yíká.”

Sóòlù kan tún wà tó máa ń fọ́ wẹ́wẹ́ bí àkàrà tó gbẹ, pàápàá lára bàtà tí a tọ́jú sínú páálí fún òde. Polyurethane ni wọ́n fi ṣe é, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí a kò tilẹ̀ wọ̀ ọ́. Gọ́ọ̀mù kò ran èyí. Bí awọ òkè rẹ̀ bá ṣì dára, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ sóòlù náà pátápátá.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ kó bàtà gbogbo ilé jọ, kí ẹ tẹ sóòlù ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, kí ẹ sì pe àwọn ọmọ sí i kí wọ́n lè kọ́ ọ. Nígbà tí ṣúmẹ́kà bá gba iwájú ilé kọjá, ẹ ó ti mọ èyí tí ẹ ó gbé fún un.