Òtẹ́ẹ̀lì pọ̀ n'Íkòtún, àlejò dà?

Tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀, ọjà àti ibùdókọ̀ lèèyàn mọ Ìkòtún sí. Ṣọ́ọ̀ṣì ló sọ ọ́ di ìlú òtẹ́ẹ̀lì, ìyẹn Synagogue Church of All Nations tí Wòlíì T.B. Joshua, ọmọ Àrìgìdì-Àkókó, dá sílẹ̀. Nígbà tí tẹlifíṣàn ìjọ náà, Emmanuel TV, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2006, àwọn ará South Africa, Zimbabwe, Ghana àti ìlú òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wá. Ṣọ́ọ̀ṣì ní ilé àlejò tirẹ̀, àmọ́ kò gbà wọ́n tán. Ibẹ̀ làwọn onílé àdúgbò ti rí tiwọn ṣe. Wọ́n gé ilé sí yàrá-yàrá, wọ́n fi balùwẹ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ra jẹnẹrétọ̀, wọ́n kọ "Guest House" síwájú. Olóúnjẹ, alágbàfọ̀, ọlọ́kadà àti àwọn tó ń ṣẹ́ dọ́là, gbogbo wọn ló ń jẹ níbẹ̀.

Àṣé oníbàárà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jọ ní.

Ní ọjọ́ 12, oṣù kẹsàn-án, 2014, ilé àlejò ṣọ́ọ̀ṣì náà wó, ó sì pa èèyàn 116, ọmọ South Africa ló pọ̀ jù nínú wọn. Síbẹ̀, èrò ṣì ń wá. Kòrónà dé lọ́dún 2020, ìjọba ti pápákọ̀ òfurufú mọ́ àwọn tó ń bọ̀ láti òkèèrè, ó di oṣù kẹsàn-án kí wọ́n tó ṣí i. Nígbà tó di ọjọ́ 5, oṣù kẹfà, 2021, wòlíì náà kú. Ìyàwó rẹ̀, Evelyn Joshua, gba ipò rẹ̀, ìjọ sì ń bá iṣẹ́ lọ, àmọ́ lọ́dún yẹn kan náà làwọn ìwé ìròyìn ti ń gbé e pé àwọn onílé àlejò àdúgbò náà ń ké pé kò sẹ́ni tó ń wá mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún, 2023. Ní oṣù kẹrin, 2024, owó iná àwọn tó wà ní Band A fò láti nǹkan bíi náírà 68 sí 225 lórí ìwọ̀n kan.

Kí ni wọ́n wá fẹ́ fi ilé wọ̀nyí ṣe? Ohun tó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ ni ilé ọtí: kí wọ́n gbé fíríìjì sísàlẹ̀, kí wọ́n máa ta bíà. Ó rọrùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá gbàdúrà kì í béèrè Star, nítorí náà wọn ò kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ fún ọtí rárá. Àgbàlá tí wọ́n á to àga sí lè má sí, ògiri aládùúgbò sì wà nítòsí. Àjọ LASEPA kì í fojú rere wo ilé tó bá ń pariwo.

Èyí tó jọ mí lójú ju ìyẹn ni kí wọ́n sọ ọ́ di ilé gbígbé. Yàrá tó ti ní balùwẹ̀ tirẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di "self-contain" tán, ilé ìdáná ló kù. Akẹ́kọ̀ọ́ LASU ń wá irú rẹ̀, nítorí láti Ìgandó ọ̀nà já tààrà sí Ọ̀jọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi yàrá 15 ṣe àpẹẹrẹ. Bí yàrá kan bá jẹ́ N8,000 lálẹ́, tí mẹ́wàá ń kún lójoojúmọ́, ó lé ní mílíọ̀nù 29 lọ́dún. Bí a bá fi yàrá kọ̀ọ̀kan háyà ní N400,000 lọ́dún, mílíọ̀nù 6 péré ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ti jẹ mílíọ̀nù 29 rí yóò ní òun ò gbà. Àmọ́ bí àlejò méjì péré bá ń sùn lálẹ́, owó ọdún kan ò pé mílíọ̀nù 6, a ò sì tíì yọ dísẹ́ẹ̀lì, owó òṣìṣẹ́ àti owó iná kúrò. Ayálégbé a máa ra iná tirẹ̀.

Kí onílé tó gbé bíríkìlà wọlé, kó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ LASPPPA, torí ìwé àṣẹ òtẹ́ẹ̀lì yàtọ̀ sí ti ilé gbígbé. Mítà kọ̀ọ̀kan fún yàrá kọ̀ọ̀kan náà lówó lórí, ẹni tó sì ṣì jẹ gbèsè owó tó fi kọ́lé lè má rí i san.