Oyún Mólà: Ìtọ́jú Kò Parí Nígbà tí Ẹ̀jẹ̀ Bá Dá

Kò sí ẹ̀ka pàjáwìrì tí aboyún tó ń rí ẹ̀jẹ̀ kì í dé. Ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ fura sí ni pé oyún ti bàjẹ́, lọ́pọ̀ ìgbà ló sì rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n oyún mólà náà máa ń dé pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ dídà, òun ní tirẹ̀ sì lè di jẹjẹrẹ tí a bá fi ojú kékeré wò ó. Ìdí nìyí tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi dá ètò kan sílẹ̀ ní 1973, láti máa forúkọ àwọn obìnrin tó bá ní i sílẹ̀ kí wọ́n sì máa tọ ipasẹ̀ wọn.

Nínú oyún mólà, ọ̀nà tí àtọ̀ àti ẹyin gbà pàdé ni kò tọ́. Nínú oríṣi kan, kò sí ohun àjogúnbá ìyá nínú ẹyin náà rárá, ti bàbá nìkan ló wà níbẹ̀. Nínú oríṣi kejì, àtọ̀ méjì ló máa ń wọ ẹyin kan. Ibi ọmọ á wá wú, á di àpò omi wẹ́wẹ́ bí ìdì èso àjàrà. Irú oyún bẹ́ẹ̀ kò lè di ọmọ. Kì í ṣe ẹ̀bi obìnrin náà, kì í sì í ṣe ọwọ́ ayé.

Àwọn àmì kan wà tó yẹ kó ta dókítà àti nọ́ọ̀sì jí: ikùn tó tóbi ju oṣù oyún lọ, èébì tí kò dáwọ́ dúró, ẹ̀jẹ̀ ríru kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 20, ọwọ́ tó ń gbọ̀n àti àyà tó ń lù kìkì. hCG, èròjà tí àyẹ̀wò oyún máa ń wá nínú ìtọ̀, ló pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀. Síkáànù lè fi í hàn, ṣùgbọ́n tí oyún bá ṣì kéré, ó lè fara sin.

Tí wọ́n bá ti rí i pé oyún mólà ni, wọ́n á fa omi sí obìnrin náà lára, wọ́n á pèsè ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á sì wo irú ẹ̀jẹ̀ tó ní. Ọwọ́ tó mọṣẹ́ ni yóò wá fi ẹ̀rọ fa ohun tó wà nínú ilé-ọmọ jáde. Wọn kò gbọ́dọ̀ da ohun tó jáde náà nù: láàbù ló gbọ́dọ̀ lọ, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń mọ̀ dájú.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ ibùdó mẹ́ta inú ètò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn bẹ̀rẹ̀: Charing Cross ní London, Weston Park ní Sheffield àti Ninewells ní Dundee. Obìnrin náà lè padà sílé rẹ̀, kó máa fi ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀ ránṣẹ́ láti ibẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n ń wọn hCG rẹ̀ títí yóò fi wálẹ̀. Tó bá dúró sójú kan tàbí tó tún ń gòkè, a jẹ́ pé nǹkan ṣì kù nínú ara. Nínú àwọn tó ní oríṣi àkọ́kọ́, nǹkan bí 15 nínú 100 ni yóò nílò oògùn jẹjẹrẹ; oríṣi kejì kì í sábà dé bẹ̀.

Oògùn náà ń ṣiṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà ní 1956, àwọn dókítà Min Chiu Li àti Roy Hertz fi oògùn methotrexate wo jẹjẹrẹ tó ń ti ibi ọmọ wá, èyí tó ń pa obìnrin púpọ̀ nígbà náà. Lónìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo àwọn tí wọ́n tètè rí ló ń yè é.

Ilé ìwòsàn tí kò ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀ nítòsí lè ṣe ohun tó ṣe kókó jù níbẹ̀. Kí wọ́n tó ní kí obìnrin náà máa lọ sílé, kí wọ́n sọ orúkọ àìsàn rẹ̀ fún un, kí wọ́n kọ ọjọ́ àyẹ̀wò tó kàn sínú káàdì rẹ̀, kí wọ́n sì ṣàlàyé ìdí tí kò fi gbọ́dọ̀ lóyún kí àyẹ̀wò tó parí: oyún tuntun á mú kí hCG gòkè, a ò sì ní mọ èyí tó jẹ́ àìsàn mọ́. Tí kò bá yọjú lọ́jọ́ àyẹ̀wò, kí wọ́n pè é. Ìpè kan ṣoṣo yẹn lè gba ẹ̀mí là.