Ó yẹ àbí o gbọ́dọ̀? Ìtàn ẹ̀kọ́ ìwà fún àwa tí à ń gba ohùn sílẹ̀

Gbogbo àwa ọdún ìkẹyìn ni à ń wá ohùn ènìyàn kiri báyìí nítorí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wa. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ka-èdè fẹ́ kí ìyá oníṣu sọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń sọ ọ́ nílé, ṣùgbọ́n bí ìyá bá ti rí fóònù tí a nà sí i lẹ́nu, ohùn á yí padà. William Labov ti ṣàlàyé ìṣòro yìí tipẹ́: a fẹ́ mọ bí ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ṣọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ àfi kí a ṣọ́ ọ kí a tó lè mọ̀. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n kan ti máa ń yọjú: ṣé a kò kúkú lè tẹ fóònù kí a fi í sápò? Ọ̀pọ̀ wa mọ̀ pé ó burú. Kí ló mú un burú gan-an? Ó lé ní 2,000 ọdún tí àwọn onírònú ti ń jà lórí irú ìbéèrè yìí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ la ti mọlé jù. Aristotle, ní Gíríìsì ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin kí wọ́n tó bí Jésù, sọ pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe ìwà, ēthos, kò jìnnà sí ethos, ìyẹn ohun tó ti mọ́ni lára. Fáwẹ́lì àkọ́kọ́ ló gùn nínú ọ̀kan tó sì kúrú nínú èkejì. Ó ní a kì í bí ìwà rere mọ́ ènìyàn. Bí ènìyàn ṣe ń di mọlémọlé nípa mímọ ilé náà ló ṣe ń di olóòótọ́ nípa ṣíṣe òótọ́. Nígbà tí Cicero fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ èdè Látìnì, kò rí èyí tó bá a mu, ló bá ṣẹ̀dá moralis láti ara mores, ìyẹn àṣà. Nítorí náà, ethics àti moral, tí àwọn kan máa ń fi gbogbo agbára yà sọ́tọ̀, bẹ̀rẹ̀ bí ìtumọ̀ ara wọn.

Ẹ kíyè sí i pé "Kí ni kí n ṣe?" kọ́ ni ìbéèrè Aristotle. "Irú ènìyàn wo ni mo ń dà?" ni. Bí a bá gbé fóònù inú àpò dé iwájú rẹ̀, kò ní wo ọjọ́ kan yẹn nìkan. Yóò wo ohun tí ẹni tó ń jí ohùn gbà yóò dà bó bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Immanuel Kant ló yí ìbéèrè náà padà. Ìlú Königsberg ló gbé, èyí tó ti di Kaliningrad ní Rọ́ṣíà lónìí. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1785, òfin ló ń wá, òfin tí ẹnikẹ́ni tó ní làákàyè yóò fún ara rẹ̀. Ọ̀kan nínú bó ṣe gbé e kalẹ̀ ni pé kí a má ṣe fi ènìyàn ṣe irinṣẹ́ lásán. Ọ̀rọ̀ náà "lásán" ṣe pàtàkì, ọ̀pọ̀ ló sì máa ń fò ó. Gbogbo wa là ń lo ara wa. Mo ń lo ọlọ́kadà láti dé kíláàsì, òun náà ń lo owó mi. Ó mọ ohun tí a jọ ń ṣe, ó sì lè kọ̀. Ìyá oníṣu tí fóònù wà lápò mi kò mọ̀, nítorí náà kò lè kọ̀. Ibẹ̀ ni Kant ti máa mú wa. Ṣùgbọ́n ní 1797, ó kọ ọ́ pé kò tọ́ láti purọ́ kódà fún apànìyàn tó wá béèrè ọ̀rẹ́ wa lẹ́nu ọ̀nà. Ibi tí èmi ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Jeremy Bentham àti John Stuart Mill ní tiwọn ní kí a ṣírò ìdùnnú àti ìrora gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Ìyá kò mọ̀, kò dùn ún, èdè sì rí àkọsílẹ̀: ó parí. Ìṣirò yìí máa ń wu akẹ́kọ̀ọ́ tí ọjọ́ tí yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀ ti súnmọ́. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ẹni tó fẹ́ jèrè náà ló di ìṣirò mú.

Ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni Elizabeth Anscombe. Òun ló ta ko Oxford ní 1956 nígbà tí wọ́n fẹ́ fi oyè dá Truman lọ́lá, torí bọ́ǹbù Hiroshima àti Nagasaki. Ní 1958 ó kọ àpilẹ̀kọ kan tó yẹ kí a máa kà ní kíláàsì ìmọ̀ ìtumọ̀. Ó ní ìgbà tí àwọn ènìyàn ka ìwà sí òfin Ọlọ́run ni "gbọ́dọ̀" ti rí agbára tó ní. Àwọn onírònú òde òní yọ Aṣòfin kúrò, wọ́n di ọ̀rọ̀ náà mú. Ó dà bí ìgbà tí a ti ti gbogbo kóòtù pa, tí a ṣì ń pe ènìyàn ní ọ̀daràn. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé dípò kí a kàn sọ pé nǹkan "burú", ká sọ ohun tó jẹ́ gan-an: irọ́ ni, ìrẹ́jẹ ni.

Mo wá gbé e wo èdè tiwa. "Gbọ́dọ̀" ní ohùn ọlọ́pàá nínú. Ṣùgbọ́n "yẹ" tí a fi ń sọ pé "kò yẹ kí o ṣe bẹ́ẹ̀" náà la fi ń sọ pé fìlà yẹ ènìyàn. Bí mo bá sọ pé ìwà kan kò yẹ ọ́, ìwọ ni mò ń wò, kì í ṣe ìwé òfin. Wande Abimbola náà ti tọ́ka sí i ní 1975 pé láti ara "wà" ni a ti ṣẹ̀dá "ìwà". Mi ò sọ pé ọ̀rọ̀-ìṣe kan lè fi ohun tí odidi ẹ̀yà gbà gbọ́ hàn. Olùkọ́ tó bá rí irú àbá bẹ́ẹ̀ á fa báírò pupa yọ. Mo kàn ń sọ pé Aristotle kò ní ṣe àlejò púpọ̀ láàárín wa.

Labov fúnra rẹ̀ rin ọ̀nà méjèèjì. Ní 1962, ó wọ ilé ìtajà ńlá mẹ́ta ní New York bí oníbàárà, ó béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ kí ó lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe r, ó sì lọ kọ ọ́ sílẹ̀ níkọ̀kọ̀. Kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń fọ̀rọ̀ wá àwọn ènìyàn lẹ́nu wò, gbangba ni ẹ̀rọ wà. Ó máa ń bi wọ́n bóyá ikú ti súnmọ́ wọn rí, bí wọ́n bá sì ti wọnú ìtàn náà, wọ́n á gbàgbé ẹ̀rọ.

Èyí ni mò ń lò báyìí. Fóònù wà lórí àpótí, ìyá ti gbà, mo sì ń bi í léèrè ọjọ́ tí iná jó ọjà wọn. Bó bá parí, tó ní kí n yọ ibi tó ti bú àbúrò ọkọ rẹ̀ kúrò, mo ń pa á rẹ́ níṣojú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni fáwẹ́lì tí mò ń wá pọ̀ sí jù.