«Casualty»: ṣé òkú ni, àbí ẹni tí ó fara pa?



Àwọn ọmọ wa kan ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà. Bí ìjàǹbá ọkọ̀ bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, à ń gbọ́ ọ lórí rédíò, tàbí kí ènìyàn fi tẹlifóònù sọ fún wa. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan sábà máa ń wà nínú ìròyìn náà: casualty. «Kásúátì» ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é. Faransé ni wọ́n fi kọ́ èmi ní ilé ẹ̀kọ́, ó sì pẹ́ kí n tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Mo rò pé òkú ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?

Casualty ni ẹni tí ìjàǹbá ṣe. Ó lè jẹ́ ẹni tí ó kú. Ó lè jẹ́ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, tàbí ẹni tí ó ní ọgbẹ́ lórí. Ẹni tí ó kú àti ẹni tí ó fara pa, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń kà wọ́n pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Rédíò sọ pé casualty 12 ni ó wà, 3 nínú wọn kú. Mélòó ni ó wà láàyè? A yọ 3 kúrò nínú 12, ó ku 9. Àwọn 9 yìí ń fẹ́ ìtọ́jú.

Ìtumọ̀ kejì

Ní ilé ìwòsàn Nàìjíríà, casualty tún ni ibi tí wọ́n ti ń kọ́kọ́ gba ẹni tí ó fara pa. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, urgences ni à ń pè é.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé wọ́n pe ìyá kan ní Manigri: «Ìyá, ọmọ yín wà ní casualty.» Ọmọ náà kò kú. Wọ́n ti gbé e dé ilé ìwòsàn ni. Bí ẹbí bá ń sunkún, tí wọ́n ń kó owó ìsìnkú jọ, ta ni yóò fi owó oògùn ránṣẹ́?

Ní ilé wa ńkọ́?

Ọ̀nà ńlá tí ó ti Savalou lọ sí Djougou gba Bassila kọjá. Ìjàǹbá kò jìnnà sí wa. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2023, bọ́ọ̀sì kan àti ọkọ̀ akẹ́rù kọlu ara wọn ní agbègbè Dassa. Ó lé ní 20 ènìyàn tí ó kú. Àwọn mìíràn fara pa, wọ́n sì gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo wọn ni casualty.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ ìròyìn ìjàǹbá, ẹ kọ́kọ́ béèrè:

1. Ṣé ó wà láàyè?
2. Ilé ìwòsàn wo ni ó wà?
3. Kí ni wọ́n nílò: ẹ̀jẹ̀, oògùn, àbí owó?

Bí ẹ̀yin fúnra yín bá ń pe àwọn panápaná ní 118, ẹ sọ ibi tí ẹ wà. Ẹ sọ iye àwọn tí ó fara pa lọ́tọ̀, kí ẹ sọ iye àwọn tí ó kú lọ́tọ̀.

Bí ẹ̀mí bá wà, ìrètí ń bẹ.

Ẹ jẹ́ kí a jíròrò: ọ̀rọ̀ wo ni à ń lò ní abúlé wa fún ẹni tí ìjàǹbá ṣe? Ṣé ó yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ tí à ń lò fún òkú?