Tírélà Pa Èèyàn: Ta Ni Kó San Owó Gbà-Máà-Bínú?

Ní ọjọ́ Sunday, 29 oṣù Kìíní ọdún 2023, kọ̀nténà kan já bọ́ láti ẹ̀yìn tírélà lé bọ́ọ̀sì akérò lórí ní Ojúẹlẹ́gba, ní Èkó. Èèyàn 9 ló kú. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, ní Ojúẹlẹ́gba yìí kan náà, kọ̀nténà mìíràn ti já bọ́ láti orí afárá lu mọ́tò kan nísàlẹ̀, èèyàn 3 sì bá a lọ. Bí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀, ohun tí kálukú máa ń béèrè ni pé dírẹ́bà dà? Ṣé ó ti sá lọ, àbí àwọn ọlọ́pàá ti mú un? Ìbéèrè yẹn ní àyè tirẹ̀, àmọ́ kò lè bọ́ ọmọ tí olóògbé fi sílẹ̀. Ẹni tó yẹ ká kọ́kọ́ béèrè ni ẹni tó ni ọkọ̀, àti ilé iṣẹ́ adójútòfò tó dúró fún un.

Ẹjọ́ méjì ló wà nínú irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀, a sì sábà máa ń pa wọ́n pọ̀. Àkọ́kọ́ wà láàárín ìjọba àti dírẹ́bà. Adájọ́ lè jù ú sẹ́wọ̀n, ó sì lè bu owó ìtanràn lé e, ṣùgbọ́n àpò ìjọba ni owó ìtanràn ń lọ. Èkejì ni ti ẹni tó farapa, tàbí ti ọkọ, aya, ọmọ àti òbí ẹni tó kú. Òun ni wọ́n fi ń béèrè owó gbà-máà-bínú, kò sì di dandan kí dírẹ́bà dé ẹ̀wọ̀n kí wọ́n tó pè é. Nínú ẹjọ́ kejì yìí, bí dírẹ́bà bá ṣàṣìṣe lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá náà máa jẹ́jọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Bí ẹ bá ti fi hàn pé lágbájá ló ni tírélà, kóòtù á kọ́kọ́ gbà pé iṣẹ́ lágbájá ni dírẹ́bà ń ṣe, àfi tí lágbájá bá mú ẹ̀rí wá pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ti adójútòfò náà kò fara sin. Láti ayé ìjọba amúnisìn ni òfin Nàìjíríà ti sọ ọ́ di dandan kí ọkọ̀ tó bá ń rìn ní títì ní ìwé tó máa san gbèsè ìpalára tó bá ṣe fún ẹlòmíì, òfin adójútòfò tuntun ti ọdún 2025 kò sì mú un kúrò. Láti oṣù Kìíní ọdún 2023 ni NAICOM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó iṣẹ́ adójútòfò, ti sọ owó ìwé náà di ₦100,000 lọ́dún fún ọkọ̀ akẹ́rù ńlá.

Kí ló wá dé tí ọ̀pọ̀ ẹbí kì í fi í rí kọ́bọ̀ gbà? Lójú tèmi, òfin kọ́ ló kùnà jù, ẹ̀rí ló máa ń sọnù. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Nọ́ńbà ọkọ̀, orúkọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀, fọ́tò táyà, fọ́tò àwọn irin tó yẹ kó ti kọ̀nténà mọ́ ẹ̀yìn tírélà: gbogbo èyí wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, ó lè má sí níbẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kẹta. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni àyẹ̀wò tí àwọn VIO, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò, máa ń ṣe sí ọkọ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá, nítorí òun ló ń sọ bóyá bíréèkì ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́. Bí àyẹ̀wò bá ti parí, wọ́n lè yọ̀ǹda ọkọ̀ fún olówó rẹ̀, kó tún un ṣe, kí ẹ̀rí sì bá a lọ. Nítorí náà, ẹ tètè gba ẹ̀dà àbọ̀ VIO àti ti ọlọ́pàá. Ẹ wo ìwé adójútòfò náà dáadáa pẹ̀lú, torí ayédèrú rẹ̀ pọ̀ nígboro, ó sì ṣeé yẹ̀ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí lọ́yà sì tètè kọ̀wé sí adójútòfò pé ẹjọ́ ń bọ̀, kí wọ́n má baà sọ lọ́la pé àwọn kò gbọ́.

Ẹ̀rí owó tún lágbára ju bí a ṣe rò lọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba ní ìwé owó oṣù, ìyá tó ń ta ata ní ọjà Mile 12 kò ní in, agbẹjọ́rò olówó tírélà á sì fẹ́ kí adájọ́ gbà pé kò sí iye kan pàtó tó ń wọlé fún un. Ìwé ajó rẹ̀, àkáǹtì báǹkì rẹ̀, rìsíìtì ẹgbẹ́ ọjà, àti owó ilé ìwé tó ń san fún àwọn ọmọ ló máa dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lóhùn. Rìsíìtì oògùn àti ti ọsibítù náà ńkọ́? Ẹ kó gbogbo rẹ̀ pamọ́, nítorí iye tẹ́ ẹ bá sọ pé ẹ ná, tí kò sí rìsíìtì rẹ̀, adájọ́ lè má kà á.

Àwọn kan á ní àmúwá Ọlọ́run ni, pé títa òkú ni kéèyàn máa gbowó lórí rẹ̀. Mo gbọ́ wọn, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kọ́ ló ní kí wọ́n gbé kọ̀nténà rìn láìtì í mọ́lẹ̀. Bí ikú èèyàn kò bá ná olówó ọkọ̀ ní nǹkan kan, kí ló máa mú un pààrọ̀ táyà tó ti jẹ tán? Àtakò tó le jù ni pé ẹjọ́ ń falẹ̀, lọ́yà sì wọ́n. Òótọ́ ni, ọdún mélòó kan lè kọjá. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹjọ́ ló ń dé ìdájọ́. Adójútòfò tó bá rí i pé ẹ̀rí pé lè yàn láti yanjú rẹ̀ ní ìta kóòtù. Àjọ Legal Aid Council wà fún ẹni tí kò lówó lọ́yà, ọ̀fẹ́ sì ni Citizens' Mediation Centre ní Èkó ń bá èèyàn parí aáwọ̀. Bí olówó ọkọ̀ bá sì sọ pé dírẹ́bà ń dá ṣe tirẹ̀ ni, pé ìdá kan nínú owó ló kàn ń mú wá fún òun, ẹ jẹ́ kó lọ sọ ọ́ níwájú adájọ́ pẹ̀lú ẹ̀rí.

Ibi tí mo ti rí ewu jù ni ìbẹ̀wò ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́. Aṣojú olówó ọkọ̀ á gbé búrẹ́dì àti owó ìsìnkú wá, á sì ní kí ẹbí fọwọ́ sí ìwé kan ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ohun tó sábà máa ń wà nínú ìwé náà ni pé ẹ ti gbowó, ẹ kò sì ní béèrè nǹkan kan mọ́. Ìwé yẹn lè pa ẹjọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ní Èkó, ọdún 3 ni òfin fún ẹni tó farapa láti pe ẹjọ́, kò sí ìdí tí ẹ fi ní láti fọwọ́ sí ohunkóhun lọ́sẹ̀ kìíní. Ẹ gba ìkíni wọn, ẹ fún lọ́yà ní ìwé náà kó kà á, kí ẹ tó mú bírò.